Yanrìn Kọ́ Ló Máa Gbẹ Omi Lórí Pápá Yín

Láti Kàbà dé Ìsánlú, bí omi bá ti ń dúró lórí pápá tí ẹran ń jẹ, ohun tí aládùúgbò máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Lọ já yanrìn sí i." Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí owó ńlá ló ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ hẹ́kítà kan, bí a bá ka sẹ̀ǹtímítà 15 òkè rẹ̀ nìkan, ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 tọ́ọ̀nù. Kí amọ̀ ibẹ̀ tó lè dín kù sí ìdajì, yanrìn tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa pò mọ́ ọn: igba (200) típà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 10. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn nítorí koríko màlúù? Típà méjì mẹ́ta tí à ń já sílẹ̀ yìí ò lè ṣe nǹkan kan. Hóró amọ̀ ò tó mílímítà 0.002, ńṣe ló máa ń wọ àárín hóró yanrìn, tí á dí àlàfo tí omi ìbá gbà. Àwọn bàbá wa tó fi amọ̀ mọlé mọ èyí dáadáa: amọ̀ tí wọ́n bá po yanrìn mọ́, ògiri rẹ̀ kì í tètè lanu.

Ibi tí omi ti ń há ló yẹ ká kọ́kọ́ wá. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mumi yó, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé ìbàdí, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí omi ti ń pẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ á ti di aláwọ̀ eérú, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò koríko.

Bí apá òkè kòtò náà bá rin gbìndìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé rún lọ́wọ́, pátákò màlúù ló ti tẹ ilẹ̀ pa. Gbòǹgbò tó bá dé ibi líle náà á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fọ́ ọ, kó lè sán. Bí katakata bá wọ ilẹ̀ tútù, á tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹran tẹ ibẹ̀ nígbà òjò ńlá. Ẹ da ìgbẹ́ ẹran àti koríko jíjẹrà sí i, torí ohun tí ekòló ń jẹ nìyẹn, ihò ekòló sì ni omi ń gbà wọlẹ̀.

Bí omi bá ń sun láti ẹ̀gbẹ́ kòtò ní ibì kan pàtó, láti ìdí òkè òkúta ló ti lè máa bọ̀. Kòtò gígùn kan tó gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, tó sì jìn dé ibi tí omi ti ń sun, lè dá a dúró.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ amọ̀ ni látòkè délẹ̀, tí omi ò tilẹ̀ fẹ́ ro sínú kòtò, gọ́tà jíjìn kan ṣoṣo ò ní ràn yín lọ́wọ́. Omi kì í rìn jìnnà nínú amọ̀. Mítà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló lè gbẹ. Gọ́tà tí ò jìn, tó pọ̀, tó súnmọ́ra, tó sì dagẹ̀rẹ̀ lọ sódò, ni kí ẹ là. Níbi tí ẹran ti ń sọdá rẹ̀, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un kó má baà wó. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì, ẹ tọ ipa omi náà dé odò, kí ẹ rí i pé kò ní já sí oko ẹlòmíì.