Orí yín ń gbọ̀n lórí alùpùpù? Ẹ má tíì ra wínsíkírìn gíga

Bí ẹ bá bi àwa tá a ń gun alùpùpù ńlá léèrè ohun téèyàn lè ṣe sí atẹ́gùn tó ń gbo orí ẹni jìgìjìgì lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹnu kan náà la fi ń dáhùn: "Lọ ra wínsíkírìn tó ga sí i," ìyẹn ike iwájú alùpùpù tó ń la atẹ́gùn. Èmi náà ti sọ ọ́ fún èèyàn rí. Mo sì ti náwó lé e. Irọ́ ni, tàbí ká kúkú ní ìdajì òótọ́ ni, èyí tó ń jẹ owó.

Suzuki V-Strom 650 ni mò ń gùn, tòkunbọ̀. Ẹni tó mọ alùpùpù yìí á ti máa rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀sùn wínsíkírìn rẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń gùn ún. Tí mo bá ti kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan, akoto mi á máa gbọ̀n bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlà ojú títì á di méjì méjì lójú mi. Mo bá ra wínsíkírìn tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìgboro Ìbàdàn, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo já sí ọ̀nà Ṣàgámù ni ojú mi là: àfi bíi pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi tó ń fi ìkúùkù lu akoto.

Níbi tí ọ̀nà ti dá, mo rọra dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Afẹ́fẹ́ ń tì mí láyà gan-an o, ṣùgbọ́n orí mi dúró ṣinṣin, mo tún ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Mo jókòó padà, gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n. Mo dìde, ó tún dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tààrà kì í gbọn orí, ńṣe ló ń tì í. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ kò ní wínsíkírìn rárá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ọrùn á ro ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í rí méjì méjì. Afẹ́fẹ́ tó ti dàrú ló ń gbọn orí. Ẹ wo odò tó ń ṣàn gba ara òpó afárá. Omi ń bọ̀ jẹ́ẹ́ níwájú òpó. Ẹ̀yìn òpó ló ti ń yí bírí, tó ń ká ewé mọ́ra. Bí wínsíkírìn ṣe ń la afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo, afẹ́fẹ́ tó gba etí òkè rẹ̀ kọjá á ya wálẹ̀ wá dí àyè náà, á di ààjà kéékèèké tó ń tẹ̀ léra. Bó bá jẹ́ àyà ni ààjà yìí ń bà, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà. Bó bá jẹ́ akoto, ẹ gbé. Wínsíkírìn mi àkọ́kọ́ ń dà á sí mi lágbọ̀n. Owó ni mo fi ra èyí tó gbé e wá sí àárín akoto gan-an.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgboro dán an wò fún yín. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, láti 50 sí 100, agbára afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. BMW ti Jámánì pàápàá kò fojú díwọ̀n rẹ̀: alùpùpù wọn R100RS tó jáde lọ́dún 1976, inú yàrá tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu ọkọ̀ ní iléeṣẹ́ Pininfarina, ní Ítálì, ni wọ́n gbé e lọ kí wọ́n tó mọ bí iwájú rẹ̀ á ṣe rí. Ẹni tó ta wínsíkírìn fún mi kàn wo gíga mi ni.

Ìdajì òótọ́ ibẹ̀ ni pé wínsíkírìn tó ga débi pé ààjà rẹ̀ ń gba orí akoto kọjá máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lẹ ó ti máa wo ọ̀nà nígbà náà, nínú òjò, nínú eruku ọyẹ́, lóru tí tírélà ń tan iná gbọ̀ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí etí rẹ̀ mọ níbi tí ojú mi ti lè wo òkè rẹ̀ kọjá. Gíga ẹni náà tún wà níbẹ̀: àbúrò mi kan tí kò ga tó mi gun alùpùpù yìí kan náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ni mò ń pariwo lé lórí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti dá, kẹ́ ẹ dìde díẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ba. Bó bá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ dìde, ẹ gbé wínsíkírìn wálẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ba ló dákẹ́, ó lè nílò kó ga sí i lóòótọ́. Ẹ tún fi wọ́ṣà sí ìdí bóòtù rẹ̀ kí àlàfo díẹ̀ wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gba ibẹ̀ wọlé á dí ẹ̀yìn tó ṣófo, ààjà òkè á rọlẹ̀. Owó wọ́ṣà kò tó owó ẹ̀kọ.

Èmi gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá tó ń gé pátákó oníke fún àwọn tó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ó lẹ téèpù sójú ibi tó fẹ́ gé kó má baà sán, ó gé sẹ̀ǹtímítà 14 kúrò, ó fi sáńpépà pa etí rẹ̀. Ó wá kúrú ju èyí tí alùpùpù náà bá dé lọ. Atẹ́gùn ń lù mí láyà báyìí, jákẹ́ẹ̀tì ló ń bá mi gbà á, ṣùgbọ́n ìlà ojú títì ti padà di ẹyọ kan. Ọkùnrin náà bi mí bóyá mo fẹ́ kó èyí tó gé kúrò lọ. Mo ní kó fi ṣe nọ́ńbà ilé, mo ti sanwó rẹ̀.