Nọ́ńbà wọ́ọ̀tì tó wà lára bọ́ọ̀dù kọ́ ló ń pariwo

Ẹni tó bá fẹ́ to amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, fúnra rẹ̀ ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ní ìsọ̀ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́ọ̀tì mélòó ni bọ́ọ̀dù yìí?” Wọ́ọ̀tì ni òṣùwọ̀n agbára, bọ́ọ̀dù sì ni pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n to ohun èlò amplifáyà sí. Bí ẹni tó ń tajà bá ní 300 ni, yóò béèrè bóyá 600 wà. Bí 600 bá wà, ojú rẹ̀ á tún lọ sára 1000. Láti òpópónà Táíwò títí dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé bí nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù bá ṣe tóbi tó ni ariwo yóò ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bọ́ọ̀dù kì í dá iná. Iná tó bá gbà lọ́wọ́ adáptà tàbí tiransifọ́mà ló máa fún sípíkà, lẹ́yìn tó bá ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ooru. Ká ní adáptà yín jẹ́ fọ́ltì 12 (bí iná ṣe ń tì tó), àmpíà 5 (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wọ́ọ̀tì 60 ni. Bí wọ́n bá wá tẹ 300 sára bọ́ọ̀dù tí ẹ so mọ́ ọn, níbo ni 240 tó kù ti fẹ́ wá? Oríṣi bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní class D mọ iná lò, ó lè fi nǹkan bí 90 nínú 100 iná tó bá gbà ránṣẹ́ sí sípíkà. Class AB tí a bá láyé kò lè kọjá 78 nínú 100, ìyẹn lórí ìwé o, torí kì í tó bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Kò sí èyí tó lè bù kún iná nínú àwọn méjèèjì.

Àmpíà nìkan kọ́, fọ́ltì ló máa ń kọ́kọ́ fi ààlà sí agbára. Ẹ jẹ́ ká mú IC (ohun èlò dúdú kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ amplifáyà gan-an) kan tó wọ́pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù kéékèèké báyìí, TPA3116D2 tí Texas Instruments ṣe. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ó lè gbé wọ́ọ̀tì 50 jáde lápá ọ̀tún àti 50 lápá òsì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù: fọ́ltì 21 ni wọ́n fún un, sípíkà ómù 4 (ómù ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n sì jẹ́ kí ohùn náà bàjẹ́ dé ìdá 10 nínú 100 kí wọ́n tó ka nọ́ńbà náà. Ta ló fẹ́ gbọ́ orin tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Nílùú wa, tí iná ìjọba kì í dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn bátìrì fọ́ltì 12 ni wọ́n ń so mọ́ irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ti sóólà tàbí ti ọkọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi fọ́ltì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ìlọ́po méjì ómù sípíkà. 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Bí sípíkà bá jẹ́ ómù 8, ẹ ó pín 144 sí 16, wọ́ọ̀tì 9 ni. Ómù 4 á fún yín ní 18. Gbogbo ohun tí IC náà lè ṣe lápá kọ̀ọ̀kan lórí bátìrì yẹn nìyẹn kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fàya, kódà bí wọ́n bá tẹ 1000 sí i lára.

Bákan náà ni ti oní-tiransifọ́mà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń fi IC mìíràn, TDA2030, bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Tiransifọ́mà 12-0-12 (tó ń gbé fọ́ltì 12 jáde ní apá méjèèjì wáyà àárín rẹ̀), lẹ́yìn tó bá ti gba ara dáyódù àti kapásítọ̀, á di nǹkan bíi fọ́ltì 16 lókè òdo, 16 nísàlẹ̀ òdo. IC á jẹ bíi fọ́ltì 3 nínú rẹ̀. Ohun tó máa dé sípíkà ómù 8 kò ju bíi wọ́ọ̀tì 10 lọ. Ẹlòmíì á ní òun máa fi 15-0-15 wá agbára kún un. Ìyẹn á gbé e dé 21 lókè àti nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ 18 ni òpin ohun tí TDA2030 lè gbà. Yóò jóná. Èyí tí wọ́n kọ A sí nídìí orúkọ rẹ̀, TDA2030A, ló lè gbà dé 22, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Níbo wá ni 1000 yẹn ti ń wá? Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní PMPO (Peak Music Power Output). Agbára ìṣẹ́jú àáyá kékeré bín-ín-tín ni wọ́n ń kà, kò sì sí ìlànà kan ṣoṣo tó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kà á, olúkúlùkù ń kọ èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú àṣejù bẹ́ẹ̀ ló mú kí Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣòwò, gbé òfin jáde ní 1974 pé ẹni tó bá ń polówó amplifáyà gbọ́dọ̀ sọ wọ́ọ̀tì tó lè gbé láìdáwọ́ dúró. Òfin yẹn kò dé inú páálí tó wà lọ́jà wa.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan máa sọ: “Nígbà tí mo pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ariwo mi pọ̀ sí i.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá tiransifọ́mà kò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ń tan èèyàn jẹ ju gbogbo ìyẹn lọ. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tó ń sọ ohùn kékeré tó ti fóònù wọlé di ńlá. Bí iye yẹn bá pọ̀, ẹ ó yí bọ́tìnì díẹ̀ péré, ilé á ti mì. Ẹ ó rò pé agbára ṣì kù nílẹ̀ rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ ti dé òpin fọ́ltì, ohun tó kù lórí bọ́tìnì kò ju ìfàya lọ. Ìfàya yẹn ló sì máa ń jó sípíkà kékeré tó ń sọ ohùn tín-ín-rín. Amplifáyà tó kéré tí wọ́n yí kọjá agbára rẹ̀ lè jó o.

Etí wa pàápàá kì í ka wọ́ọ̀tì bí a ṣe ń kà á. Ìlọ́po méjì wọ́ọ̀tì kò fi ju désíbẹ̀lì 3 (désíbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) kún ohùn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní “ó jọ pé ó lọ sókè díẹ̀”. Kó tó dún létí bí ìlọ́po méjì, ẹ nílò wọ́ọ̀tì ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí sípíkà fi ṣe kókó ju bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ wo désíbẹ̀lì tí wọ́n kọ sí i fún wọ́ọ̀tì 1 ní mítà 1. Sípíkà oní-85 tí ẹ fi wọ́ọ̀tì 100 lù, ariwo kan náà ni òun àti oní-95 tí ẹ fi wọ́ọ̀tì 10 lù. Gbohùngbohùn ẹlẹ́nu fífẹ̀ tó wà lórí mọ́ṣáláṣí lè kọjá 105, òun ló jẹ́ kí ìrun àsùbáà dé etí yín láti àdúgbò kejì pẹ̀lú amplifáyà tí kò tóbi. Kì í sọ ohùn ìlù sákárà dáadáa ṣá o, ọ̀rọ̀ lásán ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lo nǹkan tó tò fún wọlímọ̀ níta gbangba, kó rántí pé bí èèyàn bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, désíbẹ̀lì 6 ló ń lọ.

Nítorí náà, bí owó bá kéré, tiransifọ́mà tó wúwo àti sípíkà tó gbọ́ràn, ìyẹn èyí tí désíbẹ̀lì rẹ̀ ga, ni kí ẹ ná an lé, kí ẹ ra bọ́ọ̀dù kékeré. Kí ẹ fi ìyókù parí iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹ̀yìn irin TDA2030 so pọ̀ mọ́ fọ́ltì ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ fi máíkà (ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná kì í gbà kọjá) sáàárín òun àti irin tó ń gba ooru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí irin yín á gbé iná. Ẹ jẹ́ kí ihò wà lókè àti nísàlẹ̀ àpótí, kí ẹ sì máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára irin yẹn. Wáyà tó ń bọ̀ láti fóònù, ẹ lo èyí tí wọ́n fi wáyà bò lára, kó jìnnà sí tiransifọ́mà. Ìhùn-hùn tó ń dà yín láàmú máa dínkù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa tan án, ẹ so gílóòbù wọ́ọ̀tì 60 oní-wáyà àtijọ́ sójú ọ̀nà iná tó ń wọ tiransifọ́mà. Bó bá tàn gìrìrì tó sì rọ̀, ó dára. Bó bá tàn tí kò rọ̀, ẹ pa á, nǹkan kan pàdé níbi tí kò yẹ.

Ẹ ò sì nílò láti gba èmi tàbí ẹni tó ń tajà gbọ́. Ẹ wa ohùn gbọọrọ 100 Hz (tó ń mì nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sórí fóònù, ẹ tan án gba inú amplifáyà, ẹ yí i sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́ máa ha, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ gbé mítà sí ibi fọ́ltì AC, kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ sípíkà méjèèjì. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ómù sípíkà. Bí mítà bá ní 9 lórí ómù 8, wọ́ọ̀tì 10 ni tiyín. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù TPA3116 ni, ẹ má fi ẹsẹ̀ sípíkà kankan kan ara àpótí irin o, iná wà nínú méjèèjì.