Súwẹ́tà tí kò bá ni lára mu, ẹ jẹ́ ká tú u

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi láti àná, mi ò sì ní lè sùn tí mi ò bá sọ ọ́ síta. Ta ló sọ fún yín pé iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn bá ti parí, èèwọ̀ ni kó tú u? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ níítìn rí látọjọ́ tó ti dáyé. "Háà, ẹ fẹ́ tú u? Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ tú u. Ṣé ká wá máa wò ó níran ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ohun tí mò ń kọ ọjọ́ ti pẹ́ mọ Ìyá Ìbejì. Ọdún 2022, nígbà tí ASUU fi oṣù mẹ́jọ yanṣẹ́ lódì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì darí wálé láti Ifẹ̀ tí kò sí ẹ̀kọ́, ìgbà yẹn ló wá kọ́ iṣẹ́ níítìn ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèṣà, n'Íléṣà níbí. Fìlà ọmọ tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí ìbọ̀sẹ̀, ó bọ́ sórí súwẹ́tà ìkómọ. Ní báyìí Kẹ́hìndé ti di àgùnbánirọ̀, Jos ni wọ́n sì gbé e lọ. Ẹni tó bá ti sùn mọ́jú ní Jos nígbà ọyẹ́ rí, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Orí òkè ni ìlú yẹn wà, ó ga ju mítà 1,000 lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù Iléṣà tí oòrùn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lé lọ. Ìyá Ìbejì ní òun ò ní ra òkìríkà fọ́mọ òun, pé ọwọ́ òun lòun máa fi hun ún. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London fi òwú ránṣẹ́, irun àgùntàn gidi, kì í ṣe irú èyí tó kún Ọjà Àtakúnmọ́sà tí wọ́n ti ara epo rọ̀bì ṣe. Òwú olówó ńlá ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó hun ún parí. Kẹ́hìndé ti lọ sí kámpù, Táíwò la wá fi dán an wò, nítorí ara àwọn méjèèjì dọ́gba. Ọmọ náà wọ súwẹ́tà tán, gbogbo wa dákẹ́. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì apá. Ọrùn ṣí sílẹ̀ débi pé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sábẹ́ hàn yípo. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú jáde nídìí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, apá ọ̀tún bo gbogbo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, ti òsì nìkan ló dúró sọ́rùn ọwọ́. Táíwò ní, "Mọ́mì, èmi àti Kẹ́hìndé lè jọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà o." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé ó ka nǹkan kan ṣì. Ìwé tó ń wò hun ún ní kí ojú 22, àwọn òrùka wẹ́wẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń fi òwú ṣe, wọ inú sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn bí ínṣì mẹ́rin. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì máa ń dẹ̀, ojú 20 ló ń wọ inú tiẹ̀. Ẹ máa ní ojú méjì péré, kí ni ìyẹn máa bàjẹ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Yípo àyà gba ojú 220. Tí 22 bá wọ inú sẹ̀ǹtímítà 10, àyà á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. Tó bá jẹ́ 20 ló wọ̀ ọ́, àyà ti di 110. Ínṣì mẹ́rin ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe aburú kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọgun mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ hun èyí tó kéré, onígun mẹ́rin, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí wọ́n tó ka ojú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń kánjú nítorí pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò, ṣé ẹ máa bá a wí ni?

Mo ní kó má wulẹ̀ ronú, ká tú u, ká fi abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tún un hun. Ó gbà. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣe yà sí wa lánàá.

"Ìyàwó, ṣé ara rẹ dá báyìí? Ohun tí Ọlọ́run ti bá ọ parí lo fẹ́ fọwọ́ ara rẹ tú ká? Èèyàn kì í tú ohun tó bá ti parí o, kí ilé má baà tú." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyẹn, níwájú oníbàárà. Wọ́n ní kó gbé e sínú omi gbígbóná, kó fi ọwọ́ bó o dáadáa, á sún kì. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà gbọ́, ó ní ká gbé e wá, pé òun á gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò, òun á fi ẹ̀rọ rán an pa dà kí àádùn tí òun ń jẹ tó tán. Ẹnìkan ní ká fún bàbá wọn. Ẹlòmíràn ní ká kó o sí àpótí, pé ohun ìrántí ni.

Ti bàbá wọn kò le: wọ́n ní àwọn ò wọ irú ẹ̀ n'Íléṣà, kí ooru má baà pa àwọn. Ó tán níbẹ̀.

Ti omi gbígbóná ló dùn mí jù, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni mo ti rí tó ti bàjẹ́ nídìí ẹ̀. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára tí ojú lásán ò lè rí. Tí omi gbígbóná bá kàn án, tí ọwọ́ sì ń bó o, àwọn ìpẹ́ yẹn á gbé ara wọn dání, wọn ò sì ní jẹ́ kí ara wọn lọ mọ́ títí ayé. Òwú méjì tó wà lọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀ á di ọ̀kan. Kò ní ṣeé tú mọ́, kò sì ní ṣeé tún hun. Tó bá sì máa sún kì, ó sábà máa ń ká sókè ju bó ṣe ń fún lọ, ìyẹn ni pé súwẹ́tà tó fẹ̀ jù á wá di èyí tó fẹ̀ tó tún kúrú. Ṣé ìyẹn la ó gbé lọ sí Jos?

Ti télọ̀ ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àǹkárá kọ́ lèyí. Nínú ohun tí a fi ọwọ́ hun, òwú kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láti etí kan dé etí kejì, ìlà lórí ìlà. Tí sísọ́ọ̀sì bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti gé gbogbo ìlà pátá. Tẹ́ ẹ bá tú u lẹ́yìn ìgbà yẹn, èérún òwú lẹ máa bá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ súwẹ́tà òkìríkà kò fi ṣeé tú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á nítorí òwú ara rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n gé etí rẹ̀ tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ bò ó, ẹ dá a pa dà fún ẹni tó ń tà á.

Àpótí wá ńkọ́? Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló, tí wọ́n gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, ṣé wọ́n jẹ́ kí ọjà sùn rí ni? Òwú tó rí bẹ́ẹ̀, tí a kó sínú àpótí, kòkòrò ló ń dúró dè é. Irun àgùntàn ni oúnjẹ wọn. Ọdún díẹ̀ síi, a óò ṣí àpótí bá ihò. Ohun ìrántí kí ni ìyẹn?

Mo ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó ń tú nǹkan, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń kọ̀. Irọ́ ni! Ẹni tó bá tú u ló bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe é kẹ́ ẹ tó máa dá mi lẹ́bi. A kì í fi agbára fà á. A óò kọ́kọ́ wá òwú tí a fi rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀, a óò yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iwájú á dá wà, ẹ̀yìn á dá wà, apá méjèèjì á dá wà. A óò wá wá ibi tí iṣẹ́ parí sí, kì í ṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí tẹ́ ẹ bá fà á níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á kàn máa takókó mọ́ yín lọ́wọ́ ni. Ẹ tú kókó kan yẹn, ẹ fà á. Ó ní ìró tó máa ń dún tí ìlà bá ń tú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọmọdé tó bá wà nítòsí á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun náà fà á. Òwú tó ń jáde á lọ́ bí Indomie. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wé e yí ẹ̀yìn àga, ẹ fi okùn dè é níbi mẹ́rin kó má baà lọ́ mọ́ra, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ díẹ̀, ẹ má bó o. Ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù, ẹ gbé e kọ́ síbi ìbòòji, ẹ so nǹkan tí kò wúwo jù mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá fi máa gbẹ, ó ti nà. Ó ti di òwú pa dà, ó ti ṣe tán láti di ohun tí ọmọ tó wà ní Jos á lè wọ̀.

Gbogbo àlàyé yìí ni mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, wọ́n sì mi orí, wọ́n ní "ó dáa náà", irú "ó dáa náà" tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìdí tí mo ṣe bínú sùn nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí ni Ìyá Ìbejì gbé súwẹ́tà náà dé pé ká bẹ̀rẹ̀. A yọ òwú ẹ̀gbẹ́, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi téèpù lé iwájú, 20. Ẹ̀yìn, 20. Apá ọ̀tún, 20. Mo fi lé apá òsì, ojú 22 ló wà níbẹ̀. Mo tún un kà, 22 ni. Ojú rẹ̀ kéré, wọ́n sún mọ́ra gírígírí, kò sí èyí tó dẹ̀ ju èkejì lọ láti ọrùn ọwọ́ títí dé èjìká. Bí ìwé ṣe ní kó rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, abẹ́rẹ́ mìíràn lẹ fi hun èyí ni?"

Ó ní rárá. Ó ní, "Àǹtí, ọsibítù ni mo ti hun ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n dá bàbá wọn dúró. Orí bẹ́ǹṣì níta ni mo máa ń wà lóru, wọn kì í jẹ́ kí n wọlé. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè fọwọ́ mi ṣe."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń hun mọ̀ ọ́n, kò dìgbà tí mo bá ṣàlàyé. Ọkàn tí kò balẹ̀ kì í jẹ́ kí òwú dẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá wọn fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé, a dúpẹ́. Mo wá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti rọrùn: ká tú iwájú, ẹ̀yìn àti apá ọ̀tún, ká fi apá òsì sílẹ̀, ká wulẹ̀ fọ̀ ọ́ kí ó lè bá òwú tó kù dọ́gba. Apá kan ti kúrò nínú iṣẹ́.

Ó wò mí. Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ tú, Àǹtí. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe fẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́. Èmi àti Táíwò la jókòó ti ara wa nígbà tí mo hun àwọn tó kù yẹn, à ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fẹ́ kí Kẹ́hìndé gbé òru ọsibítù yẹn kọ́ apá lọ sí ìlú onílùú."

Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo ti ń sọ ọ́ látàná pé èyí tí kò bá ni mu ni kí wọ́n tú. Èyí tó bá ọmọ náà mu gẹ́lẹ́ ni ìyá rẹ̀ fẹ́ tú, èyí tí kò bá a mu ló ń ṣàánú. Mo fẹ́ sọ fún un pé òwú ò mọ ọsibítù, pé òwú lòwú ń jẹ́. Ẹnu mi ò gbé e. Tí mo bá sì gbà fún un pé òru lè wọ inú òwú kó sì dúró síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ tún sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ní tí èèyàn bá tú súwẹ́tà, ilé lè tú?

A ò tíì fa nǹkan kan. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lórí ara àti apá ọ̀tún, mi ò yí ohùn pa dà, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹnikẹ́ni ò sì lè yí mi lọ́kàn pa dà. Ti apá òsì yẹn ni mò ń bi yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti hun nǹkan nígbà tí nǹkan le rí. Ṣé ẹ tú u? Ṣé ó ràn yín lọ́wọ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi kí Sátidé tó pé.