Ọbẹ̀ tó dùn, ṣé owó ló ń pa á ní gbogbo ìgbà?

Ọdún méjì ni mo fi bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. A máa ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń ṣe fọ́tókọ́pì, a sì máa ń bá èèyàn fi ètò sórí láptọ́ọ̀pù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn jù, torí kò jẹ íńkì, kò jẹ pépà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí OAU á gbé láptọ́ọ̀pù tuntun dé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi Word sí i." Màá ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá pa ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì lórí ẹ̀rọ náà, torí bí n kò bá pa á, kò ní jẹ́ kí kráàkì mi, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣí Word láìsanwó, wọlé. Màá fi kráàkì sí i, Word á ṣí, màá gba owó mi. Kò sẹ́nì kan tó bi mí rí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ́kọ́ lé ọdẹ kúrò lẹ́nu géètì kí n tó gbé ẹrù wọlé.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Àbúrò, ètò mìíràn wà o, LibreOffice ló ń jẹ́, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló ní ká máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́," ojú á yí. "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ayédèrú nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ojúlówó ni mo fẹ́." Ẹnì kan tiẹ̀ dá mi lóhùn pé kò sóhun tó ń jẹ́ ọ̀fẹ́, kódà ní Fíríìtáùn. Àwọn àgbà náà kò gbè mí, àwọn ló kúkú sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ohun tí mo fi sí ẹ̀rọ ọmọ yẹn, Microsoft kò fún mi, ọmọ náà kò sì san kọ́bọ̀ fún Microsoft. Ẹrù olè ni. Èmi ni mo gbé e, òun ló rà á lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló wá ń pè ní ojúlówó. Èyí tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ní gbangba, òun ló ń pè ní ayédèrú. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rò ó nìyẹn láti Sábó dé Mayfair, títí dé iwájú géètì yunifásítì.

Ọdún 2019 ni kráàkì wá gba owó tirẹ̀ lọ́wọ́ wa. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo tan kọ̀ǹpútà tí a ń kó iṣẹ́ sí, mo rí i pé gbogbo fáìlì ti hu ìrù. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣì wà bó ṣe wà, àmọ́ wọ́n ti so ọ̀rọ̀ kan tí n kò mọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣí. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ìwé kan sí tí wọ́n pè ní _readme.txt: àwọn ti ti fáìlì wa pa, $980 ni owó kọ́kọ́rọ́, bí a bá sì tètè kàn sí àwọn kí wákàtí 72 tó pé, àwọn á gba $490. Ọ̀gá mi jókòó, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ta ni mo ṣẹ̀ ládùúgbò yìí?" Ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì. Èmi mọ̀ nínú ara mi pé iṣẹ́ ayé kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣíwájú ni mo dáńlóòdù kráàkì Photoshop tuntun kan, mo sì ti lé ọdẹ lọ kí n tó ṣí i.

STOP ni àwọn tó ń ṣèwádìí fáírọ́ọ̀sì ń pe irú èyí, àwọn mìíràn ń pè é ní Djvu. Inú kráàkì àti àwọn ètò tí wọ́n fi ń tan Windows jẹ ló sábà máa ń fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bíi tiwa ló ń kó sí i lẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Emsisoft, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, gbé ètò kan jáde tó lè ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà STOP àtijọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ẹ ó fún un ní fáìlì kan tí wọ́n ti tì pa, ẹ ó sì fún un ní ẹ̀dà fáìlì yẹn gan-an tí kò tíì bàjẹ́. Á fi méjèèjì wéra, ibẹ̀ ni yóò ti wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kàn. Ti Word lọ́tọ̀, ti PDF lọ́tọ̀, ti fọ́tò lọ́tọ̀.

Níbo la ti fẹ́ rí ẹ̀dà tí kò bàjẹ́? Mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àbúrò, jọ̀ọ́, orí kejì iṣẹ́ rẹ tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, bá mi dá a padà." Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ojú ò jẹ́ kí n sọ òótọ́. A rí púpọ̀ gbà padà, a kò rí gbogbo rẹ̀ gbà. Emsisoft kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bà á jẹ́ ń béèrè $980, ẹni tó tún un ṣe ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ọ̀fẹ́ la ṣì ń sá fún. (Bírú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ojú òpó kan wà tó ń jẹ́ No More Ransom, tí àwọn ọlọ́pàá Netherlands àti Europol, àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2016. Ọ̀pọ̀ irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ kí ẹ tó ronú kan dọ́là.)

Ìbéèrè gidi tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí ló dé tí èèyàn á fi ṣe nǹkan tó dáa, tí á wá fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó jọ gbàjúẹ̀. Àmọ́ Yorùbá ni wá, a mọ àáró, a mọ ọ̀wẹ̀. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, kò sẹ́ni tó ń ka owó síra wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ sì ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ LibreOffice nìyẹn. Ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe. Ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń lò ó máa ń sanwó fún àwọn tó ń bá wọn bójú tó o, inú owó yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ ti ń jẹun. Ọmọ Ifẹ̀ tó kàn fẹ́ tẹ lẹ́tà rẹ̀ ń bá wọn jẹ níbẹ̀ ni.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ilé-iṣẹ́ Star Division ní Jámánì ló ṣe StarOffice. Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà rà á ní 1999, wọ́n tú ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2000, ó di OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ kò fọkàn tán onílé tuntun. Wọ́n kó ìlànà náà, wọ́n jáde, wọ́n sọ ọ́ ní LibreOffice. Ta ló lè kó Photoshop jáde bẹ́ẹ̀?

Richard Stallman, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló bẹ̀rẹ̀ irú ìjà yìí ní Amẹ́ríkà ní 1983. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣàlàyé ara wọn, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free," ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun méjì. Tiwa ti yàtọ̀ síra tipẹ́: ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Òmìnira ni Stallman ń wí.

Ẹni tó bá sì ní ohun ọ̀fẹ́ kò ní láárí, kó yọ fóònù rẹ̀ lápò. Bó bá jẹ́ Tecno, Infinix tàbí Samsung, Android ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, Linux ló sì wà nísàlẹ̀ Android, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland. VLC tí a fi ń wo fíìmù, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, ní École Centrale Paris ní 1996. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí fídíò ṣe máa rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọgbà ilé-ìwé wọn.

Màmá kan wá bá wa láti Modákẹ́kẹ́, tíṣà Yorùbá ni. Ìbéèrè ìdánwò ló tẹ̀ nílé, ó ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí a ṣe ṣí i, gbogbo ẹ àti ọ olójú-ìsàlẹ̀ ti di àmì jágbajàgba. "Ọmọ mi, àmì rẹ̀ pé nílé. Kí lẹ fi sí i?" A kò fi nǹkan kan sí i. Ẹni tó fi kráàkì sí ẹ̀rọ màmá fi fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ kan sí i pẹ̀lú, irú èyí tó gba ipò àmì mìíràn tó fi ń ya lẹ́tà ẹ. Ẹ̀rọ tí kò bá ní fọ́ǹtì yẹn á fi àmì tó ni ipò náà hàn. Lónìí, gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, Unicode ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà ẹ sì wà nínú rẹ̀. Mo fi Keyman sí ẹ̀rọ màmá, ètò ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, tó ní bọ́tìnì Yorùbá, mo fi LibreOffice sí i, mo sì tan Yorùbá lórí Gboard, bọ́tìnì ìtẹ̀wé Gúúgù tó wà lórí fóònù wọn. A jọ tún ìbéèrè náà tẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

"Èló ni, ọmọ mi?"

"Owó ìwé tí a tẹ̀ jáde nìkan, mà. Àwọn yòókù, ọ̀fẹ́ ni."

Màmá wò mí. "Ṣé kò ní jí nǹkan mi lọ báyìí? Jọ̀ọ́, gba owó díẹ̀ lé e, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Mi ò sì lè sọ pé ìbẹ̀rù wọn kò nídìí rárá. Àwọn ibì kan wà tí ìfura ti yẹ. Ojú òpó tí yóò ní kí ẹ gbé fáìlì wá kí òun sọ ọ́ di PDF, ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ ẹni tí ẹ kò mọ̀ lẹ ń gbé sáìtífíkéètì àti ìwé NIN yín sí. PDF kò tilẹ̀ nílò irú rẹ̀. LibreOffice ní bọ́tìnì rẹ̀ lókè, kò sì fẹ́ dátà. Lórí Android, ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ tẹ̀wé jáde, ẹ wá yan "Save as PDF." Áàpù Google Drive náà lè fi kámẹ́rà ya ìwé, kó sọ ọ́ di PDF. Gúúgù kò ṣàánú wa o, ìpolówó ọjà ló ń fi pawó, 15GB tó fún wa náà sì ni lẹ́tà Gmail, fáìlì àti fọ́tò jọ ń pín.

Èyí tó bá ní ọ̀fẹ́ ni òun, tó wá ń béèrè nọ́ńbà káàdì ATM, ìtọ́wò ni. Àwọn onírìkíṣí náà máa ń ṣe ojú òpó tó jọ ti VLC, torí náà videolan.org ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ mú LibreOffice ní libreoffice.org. Fáìlì LibreOffice fún Windows lé ní 300MB, dátà yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí súpáfáísọ̀ yín bá ní Word lòun fẹ́, ẹ fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi .docx. Tébù tó díjú lè yẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí ọkàn yín kò bá sì kúrò lára Word, Microsoft fúnra wọn ní Word lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè lò láìsanwó, ímeèlì nìkan ni wọ́n ń béèrè. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti bánà ni mi ò rí èsì gidi fún: CorelDRAW ni àwọn atẹ̀wé wa ń lò, Inkscape tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í sì í ṣí fáìlì rẹ̀ tán pérépéré.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ọ̀gá mi ti lẹ pépà tuntun mọ́ ilẹ̀kùn: "A Ń FI LIBREOFFICE SÍ LÁPTỌ́Ọ̀PÙ." Wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà síbẹ̀ gàdàgbà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀fẹ́ lẹ tún ń tà?" Wọ́n ní ṣé dátà àti jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀fẹ́, àti pé látìgbà tí àwọn ti ń gba owó lórí ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti dẹ́kun pípè é ní ayédèrú. Mi ò rí wí. Ìwé àṣẹ LibreOffice gbà kí èèyàn gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Stallman fúnra rẹ̀, ní 1985, $150 ló ń ta téèpù tó ka Emacs sí, ètò ìkọ̀wé tó ti ní kí gbogbo ayé máa dà kọ.