Òfò ni wọ́n ní ká lé, kì í ṣe òṣìṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìmọ̀ràn tí ẹ fún àwọn oníbúrẹ́dì Àkúrẹ́, pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ Toyota kò ju kéèyàn lé ìdajì òṣìṣẹ́ lọ, kó sì fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà tí á máa ṣa búrẹ́dì tí kò dáa kúrò. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Oríṣi òfò méje ni Taiichi Ohno, ẹni tó ṣe olórí àwọn tó gbé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní Toyota, kà sílẹ̀. Èyí tó kà sí olórí wọn ni kéèyàn ṣe ọjà ju iye tí oníbàárà fẹ́ lọ. Èèyàn kò sí nínú méjèèje.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló dùn mí jù. Kí búrẹ́dì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹ̀fun àti ìdáná ti ṣòfò. Ní 1924, Sakichi Toyoda, bàbá ẹni tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀, ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já, kó má baà máa hun aṣọ alábùkù lọ. Lórí ìlànà yìí ni Toyota fi fún òṣìṣẹ́ ní okùn tí wọ́n lè fà bí wọ́n bá rí àṣìṣe; bí wọn ò bá tètè yanjú ẹ̀, iṣẹ́ á dúró. Nítorí náà, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ìyẹ̀fun náà kò bá wú, kí wọ́n wádìí: ṣé yíìsì ló ti pẹ́ ni, àbí omi ló gbóná jù? Òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa lé òun kò ní fọhùn.