Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú

Òwe kan wà tí àwọn onílù máa ń fi gba owó lọ́wọ́ ọmọ olóòkú: bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa á kò ju pé kí ilé má ṣe parun lọ, kí ẹni tí ó lọ rí ẹni tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà ni a wá sọ ọ́ di òfin ìdìbò. Lóde òní, bí ipò olóṣèlú ńlá kan bá ṣófo, ìbáà jẹ́ ikú ni ó mú un lọ, ìbáà sì jẹ́ ipò tí ó ju ìyẹn lọ ni ó gbà, a kì í béèrè ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Èyí tí a ń béèrè ni pé èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ti ti òkè òkun dé, àti pé ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀.

N kò bá wọn jà o. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka àṣà náà sí, àgàgà tí mo bá ronú kan ìyà tí ogún pínpín ti fi jẹ àwọn baba ńlá wa. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá mọ̀. Ìdí-igi ni èkíní, níbi tí a ti ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye aya tí olóògbé fẹ́, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan lè gba ìpín tiwọn. Orí-ò-jorí ni èkejì, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń dá tirẹ̀ gbà. Oko kòkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìbọn ọdẹ àti agbádá etù ni wọ́n ń pín nígbà náà, wọ́n sì ń bá ara wọn dé kóòtù lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ̀ pé a lè pín àwọn aládùúgbò pẹ̀lú. Àwa tí a gbọ́n jù wọ́n lọ ti mọ̀ ọ́n: ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀ ní Ìlọrin tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó máa jẹ ẹ̀bà rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì ti pín in mọ́ ogún ẹni tí kò bá a tan níbì kankan, òun àti káàdì ìdìbò rẹ̀ àti kànga ẹ̀rọ tí ìjọba gbẹ́ sí ojúde rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Kwara ni ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ yìí. Dókítà Olúṣọlá Sàràkí, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Olóyè, ti jẹ́ aṣáájú ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1979 sí 1983, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni fífi gómìnà jẹ. Ní 1999, ó ti Mohammed Lawal lẹ́yìn, Lawal sì wọlé. Nígbà tí àwọn méjèèjì jà, Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán ní gbogbo Kwara bí kò ṣe ọmọ tí ó bí nínú ara rẹ̀, ni Bùkọ́lá bá di gómìnà ní 2003. Ọdún náà ni Gbémisọ́lá, àbúrò Bùkọ́lá, gba ipò sẹ́nétọ̀ Àárín-gbùngbùn Kwara. Ẹ wò ó bí ó ti gún régé: ọmọkùnrin ní ilé ìjọba, ọmọbìnrin ní Abùjá, baba ní ilé tí gbogbo wọn ti ń wá kí i. Ọmọ méjì péré ni èmi bí, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni ó sì wà ní ilé mi, síbẹ̀ n kò tíì rí i pín.

Ìṣòro dé ní 2011, nígbà tí sáà méjì Bùkọ́lá parí. Olóyè ní ọmọbìnrin òun ni yóò gba ipò gómìnà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bùkọ́lá ní rárá, Abdulfatah Ahmed tí ó ti bá òun ṣe kọmíṣọ́nnà ni. Baba binú, ó bá ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ ACPN, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ará Kwara kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ìbò dé, ẹni tí ọmọkùnrin fà kalẹ̀ wọlé, Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ sì bọ́ sí ipò sẹ́nétọ̀ tí àbúrò rẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété Ìlọrin ni àkọ́kọ́ tí mo rí tí ọmọ já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Olóyè fi jáde láyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, kò sí ogún ìṣèlú kan tí ẹbí tún fẹ́ pín. Wọ́n ti jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Kí ará Kwara má ṣe rò pé àwọn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n o. Ọdún 2007 tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kúrò ní Aso Rock náà ni Ìyábọ̀ ọmọ rẹ̀ wọ ilé aṣòfin àgbà láti Ògùn, ibẹ̀ ni ó sì ti pàdé Kamorudeen, ọmọ Lámídì Adédibú ti Mọ̀lété, ẹni tí ó fi àmàlà ṣe ìṣèlú ní Ìbàdàn. Ní 2023, ọmọ Alao-Akala, gómìnà Ọ̀yọ́ àná, lọ ṣojú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ El-Rufai ti Kàdúná wà níbẹ̀, ọmọbìnrin Ibori láti Delta náà wà níbẹ̀, tí ilé aṣojú-ṣòfin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́. Ti Ẹdẹ nìkan ni ó yàtọ̀ díẹ̀. Baba àwọn Adélékè jẹ sẹ́nétọ̀ nígbà Ṣàgàrí, Isiaka jẹ gómìnà Ọ̀ṣun ní 1992, ó sì kú gẹ́gẹ́ bí sẹ́nétọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Ní oṣù keje, àbúrò rẹ̀ Adémọ́lá ti wà lórí àga náà, ó sì di gómìnà ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ó ń jó fún wa. Nínú gbogbo àwọn tí ń jogún, òun nìkan ni ó ń san nǹkan padà fún àwọn tí wọ́n jogún.

Nígbàkigbà tí ènìyàn bá ya ẹnu, àwọn alátìlẹ́yìn a ní ọmọ tí erin bí, erin ni í jọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jíjọ ni òwe náà wí, kò wí pé kí erin kékeré lọ máa gba owó oṣù erin. Wẹ́dà kan wà ní àdúgbò wa tí géètì tí ó bá ṣe kì í dún. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kan náà, kò fi í sí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀; ó mú un lọ bá ọ̀gá mìíràn ní òdìkejì ìlú, nítorí ó ní ọmọ kì í kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ojú baba, yóò kàn máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi gbálẹ̀, tí ó fi ra oúnjẹ fún ọ̀gá, tí iná ń ta sí i lára, kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀mù fún un. Nítorí géètì ni o! Ẹni tí yóò dìbò lórí ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè ní tirẹ̀, pálọ̀ ni ó ti kọ́ ọ, nígbà tí ó ń gbọ́ baba rẹ̀ lórí fóònù.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé a ń bú oyè ìbílẹ̀ pé ti ayé òkùnkùn ni, pé ìjọba àwa-ara-wa ni ti ọ̀làjú. Ní Ìbàdàn, ọmọ Olúbàdàn kì í jẹ Olúbàdàn nítorí pé baba rẹ̀ jẹ ẹ́. Láti ipò mọ́gàjí agboolé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó bọ́ sí ọ̀wọ́ Ọ̀tún tàbí ọ̀wọ́ Balógun, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa gun àkàsọ̀ tí ó lé ní ogún, tí ó sì jẹ́ pé bí ẹni tí ó wà lókè kò bá kú, ẹni ìsàlẹ̀ kò lè sún. Láti 1993 ni Ọba Ràṣídì Ládọjà ti wà lórí àkàsọ̀ náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ó tó gorí ìtẹ́. Ọkùnrin yìí kan náà ti di gómìnà Ọ̀yọ́ ní 2003, ìbò ọjọ́ kan ni ó sì gbà á. Ti Ọ̀yọ́ àtijọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ tí wọ́n jọ ń ṣèjọba gbọ́dọ̀ bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìtẹ́ sí fìlà baba rẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà yí àṣà náà padà, tí Àrẹ̀mọ Adélù fi rọ́pò rẹ̀ ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun kò ní tẹríba fún un láéláé. Ogun ni ọ̀rọ̀ náà dà, Ìjàyè sì tú ní 1862. Bí Kúrunmí bá wà láyé lónìí, aṣọ ẹbí ni wọn ì bá gbé lọ fún un, kí ó wá bá wọn ṣí ìpolongo Àrẹ̀mọ.

Ìjọba kúkú gbìyànjú láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tálákà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí ọmọ ọdún 25 lè dupò aṣojú-ṣòfin. Inú wa dùn, a jó. Nígbà tí ìdìbò 2023 ń bọ̀, ẹgbẹ́ APC kéde iye fọ́ọ̀mù: ₦100 mílíọ̀nù fún ipò Ààrẹ, ₦50 mílíọ̀nù fún gómìnà, ₦20 mílíọ̀nù fún sẹ́nétọ̀, ₦10 mílíọ̀nù fún aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì ṣàánú àwọn ọ̀dọ́, wọ́n bu díẹ̀ kúrò fún wọn. ₦30,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù nígbà náà. Mo ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, yóò fi ju ọdún 27 lọ kó ₦10 mílíọ̀nù jọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25, yóò ti lé ní 50 kí ó tó lè gba ọ̀nà tí a là fún ọ̀dọ́.

Àwọn aládùúgbò wa ní Tógò kò tilẹ̀ fi fọ́ọ̀mù da ara wọn láàmú. Ọjọ́ tí Gnassingbé Eyadéma kú, ní 5 February 2005, lẹ́yìn tí ó ti ń ṣàkóso láti 1967, ni àwọn ológun gbé Faure ọmọ rẹ̀ gorí àga. Olórí ilé aṣòfin ni òfin dárúkọ, ṣùgbọ́n kò sí nílé, wọ́n sì ti ti ẹnubodè pa, Cotonou ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ lọ balẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún òfin náà kọ kí ó lè bá ọmọ mu. Ariwo ayé mú kí Faure sọ̀kalẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ó padà wọlé nípa ìbò oṣù kẹrin, ní 2025 ó sì bọ́ sí ipò tuntun tí kò ní iye sáà rárá.

Ṣùgbọ́n Ìlọrin ni ẹ̀rín wà. Ní 2019, àwọn ará Kwara ní ó tó gẹ́. Wọ́n pariwo rẹ̀ lójà, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ, wọ́n sì fi ìbò lé Bùkọ́lá, tí ó ti jẹ́ Ààrẹ ilé aṣòfin àgbà láti 2015, kúrò lórí ipò sẹ́nétọ̀ ilé rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra súyà. Ta ni a wá fi sí ilé ìjọba? Abdulrahman AbdulRazaq ni, ọmọ ẹni àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní gbogbo Àríwá Nàìjíríà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Khairat Gwadabe, ti ṣe sẹ́nétọ̀ Abùjá láti 1999 sí 2003. Ní ọdún 2019 kan náà, Buhari fi Gbémisọ́lá ṣe mínísítà kékeré fún ètò ìrìnnà, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí ó fi ìgbálẹ̀ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dànù. Ilé tí ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, tí agboòrùn sì wà lórí àjà, òjò àti ìdọ̀tí kò lè rí i gbé ṣe.

Ìjọba tuntun wá rántí Ilé Arúgbó, ibi tí àwọn ìyá àgbà ti ń gba oúnjẹ àti owó láti ìgbà ayé Olóyè. Wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni, pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni san owó rẹ̀. Ní ìdájí 2 January 2020, katapílà wó o palẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò lọ sí kóòtù, àwọn oníròyìn lọ sí ojú ibẹ̀. Ní tèmi, ìyá àgbà tí kò gbọ́ ìròyìn ni mo ń rò, tí ó gbé abọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó wo òkìtì bíríkì náà títí, tí ó sì yíjú sí ọlọ́pàá tí ó dúró níbẹ̀ láti béèrè pé ilé ọmọ ta ni wọn ó ti máa gba ìrẹsì báyìí.