Fólúùmù kan ṣoṣo kì í ba àbájáde dídọ́gba jẹ́

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń ta gìtá ní Àjàṣẹ́, pàápàá àwọn tó ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ òfin kan: ẹni tó bá ti tún inú gìtá rẹ̀ ṣe, tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì XLR, ìyẹn irú ti máíkì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, sí i, kò gbọdọ̀ fi fólúùmù sójú ọ̀nà ohùn náà mọ́. Wọ́n ní ìdọ́gba wáyà méjèèjì tó ń gbé ohùn jáde á bàjẹ́, kíkùn, ìyẹn ariwo iná, á wọlé. Ẹni tó bá yarí pé àfi kóun fi í, wọ́n á ní kó lọ ra fólúùmù oníbejì, méjì lórí ọ̀pá kan, kí wáyà kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Òfin yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e ló tún burú jù, nítorí òun gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà míì.

Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe iṣẹ́ náà dára. Míkísà wà lẹ́nu ọ̀nà, gìtá wà níwájú pẹpẹ, kébù mítà 30 ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná kọjá, gúrúùpù, ìyẹn ẹ̀rọ amúnáwá, sì ń dún níta. Kébù gìtá lásán máa kó gbogbo ariwo yẹn sínú. Nítorí náà wọ́n á fi transifọ́mà kékeré sínú gìtá, ohùn á gba ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3 jáde, ẹsẹ̀ 1 á jẹ́ ti ìbòrí kébù, ìyẹn ilẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 2 àti 3 nìkan ni míkísà ń gbọ́. Ariwo tó bá bọ́ sára méjèèjì bákan náà, pípa ni wọ́n ń pa ara wọn rẹ́.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé ohùn tó wà lórí wáyà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dọ́gba. Rárá o. Ohun tó gbọ́dọ̀ dọ́gba ni ìdènà (impedance, tí a ń fi Ω wọ̀n) tí wáyà kọ̀ọ̀kan ní sí ilẹ̀. Ohun tí ẹ bá ti ṣe fún Táyé, ẹ ṣe é fún Kẹ́hìndé, ó parí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń lò: ẹsẹ̀ 2 nìkan ni wọ́n ń gbé ohùn gbà, rẹ̀sísítọ̀ lásán ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ 3 mọ́ ilẹ̀, ó kàn bá ìdènà ti ẹsẹ̀ 2 mu. Ohùn kankan kò sí lórí ẹsẹ̀ 3 yẹn, síbẹ̀ ariwo ń kú.

Kí ló wá mú kí àwọn tó gbìyànjú fólúùmù gbọ́ kíkùn? Bí wọ́n ṣe so ó ni. Wọ́n mú fólúùmù 10 kΩ, wọ́n lò ó bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú gìtá lásán: ẹsẹ̀ àárín fólúùmù lọ sí ẹsẹ̀ 2 XLR, wáyà kejì lọ sí ẹsẹ̀ 3 tààrà. Bí ẹ bá yí i dé àárín, nǹkan bí 2.5 kΩ ti dúró lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ 2, kò sì sí nǹkan kan lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ 3. Nínú míkísà tó ń pèsè iná 48 V fún máíkì, rẹ̀sísítọ̀ 6.8 kΩ ló wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 2.5 nínú 9.3 (ìyẹn 2.5 pẹ̀lú 6.8), ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ìwọ̀n ariwo tí kò rí ìkejì rẹ̀ pa mọ́ nìyẹn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n di ẹ̀bi ru fólúùmù.

Oníbejì ńkọ́? Apá méjèèjì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu, pàápàá èyí tó pọ́ọ́kú. 20% ni àṣìṣe tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń fàyè gbà. Nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n ń so ìdí apá kọ̀ọ̀kan mọ́, bí ẹnì kan bá tan 48 V lórí míkísà, iná á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ yí i báyìí, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń so ó rèé. Rẹ̀sísítọ̀ 680 Ω kan lójú ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan láti ara transifọ́mà, oní-1%, kí wọ́n lè jọra. Lẹ́yìn wọn, fólúùmù 5 kΩ kan ṣoṣo láàárín wáyà méjèèjì, kó má kan ilẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ àárín lọ sí ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lọ sí èkejì: ẹ fi míítà wá ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó ń ka òdo pẹ̀lú ti àárín nígbà tí ẹ bá yí i sí òsì pátápátá. Ibikíbi tí ẹ bá yí i dé, ohun tí wáyà kan rí ni èkejì rí. Iná 48 V kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, torí fólítéèjì kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì. Ohùn máa dín kù ní nǹkan bí ìdajì kódà bí ẹ bá ṣí i tán. Ẹ fi gain míkísà, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè, dí i.

Ẹ ra irú log, tí ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó yára, nítorí linear, tí tirẹ̀ ń pọ̀ bákan náà látòkèdélẹ̀, máa kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọkàn tán lẹ́tà A (log) tàbí B (linear) tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí nínú àwọn ti Yúróòpù àtijọ́ òdì-kejì ni wọ́n jẹ́. Ẹ yí i dé àárín kí ẹ wọ̀n ọ́: bó bá ka ìdajì, linear ni.

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ yín kò nílò gbogbo èyí. Fólúùmù 250 kΩ tàbí 500 kΩ tó ti wà nínú gìtá, tó ń bẹ níwájú transifọ́mà, kò kan ìdọ́gba rárá. Kódà ohùn tín-ín-rín kì í fi bẹ́ẹ̀ sọnù mọ́ bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí kébù gígùn kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. XLR kì í pa kíkùn tí pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn gìtá, fúnra rẹ̀ gbé. Iná wa ní Benin ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pickup olókùn-wáyà kan á gbọ́ ọ láti ara transifọ́mà iná tó bá wà nítòsí. Humbucker, pickup olókùn-wáyà méjì tí Seth Lover ní ilé iṣẹ́ gìtá Gibson kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1955, ni a ṣe fún ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ yí fólúùmù tí mo júwe sí òdo. Bí kíkùn bá dákẹ́, inú gìtá ló ti ń wá. Bí kò bá dákẹ́, ẹ lọ wo kébù tàbí míkísà.